Ẹni Tó Ni Àlàkẹ́

Ìyìnolúwa kò mọ̀ pé ẹnì kan ń wo òun. Ó jókòó lórí àpótí kékeré níwájú ìsọ̀ kan tí kò ní ilẹ̀kùn mọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Fìdítì. Ó gbé ẹsẹ̀ obìnrin arúgbó kan lé itan, ó ń gé èékánná rẹ̀. Àwọn èékánná náà ti gùn, wọ́n sì ti ká bí ìwo àgbò. Ó ti kọ́kọ́ rẹ wọ́n sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí wọ́n lè rọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń gé wọn, nítorí obìnrin náà a máa fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ nígbàkigbà tí ẹ̀rù bá bà á.

Ọkùnrin kan tó dé fìlà aláwọ̀ ewé dúró ní òdìkejì ọ̀nà. Ó jẹ ọsàn kan tán, ó tún ra òmíràn. Nígbà tó yá, ó sọdá.

"O kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé, sà."

"Ìyá yìí, kí ni orúkọ wọn?"

"Àlàkẹ́ ni wọ́n ń pe ara wọn, sà."

"Ṣé ìwọ náà lo máa ń wẹ̀ fún wọn?"

"Èmi ni, sà. Ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀."

Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó wo ojú arúgbó náà, ó tún wo ojú rẹ̀, bí ẹni tó ń wá ìyàtọ̀ láàárín ìbejì. Kò béèrè ohun mìíràn. Ó kí wọn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá Àlàní ni ọkùnrin náà, ará Ìlọrà, ìbátan ìyá Jùwọ́nlọ. Jùwọ́nlọ ni ẹni tí Ìyìnolúwa fẹ́ fẹ́. Wọ́n rán Bàbá Àlàní wá ṣe ìwádìí ni. Kí ìdílé kan tó lọ tọrọ ìyàwó, wọn a kọ́kọ́ rán ẹni tó lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu sí ìlú ọmọ náà, kí ó lọ wò bóyá olè wà nílé wọn, bóyá wárápá wà, bóyá wèrè wà. Àṣà tó mọ́gbọ́n wá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá rán lọ wá àbùkù kì í fẹ́ padà lọ́wọ́ òfo.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Bàbá Àlàní ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. "Wèrè wà nílé wọn. Ojú mi ló ṣe. Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan. Ta ló ń gbé ẹsẹ̀ àlejò lé itan?"

Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà ni Ìyìnolúwa àti Jùwọ́nlọ pàdé. Aránṣọ ni Ìyìnolúwa. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n wà nínú ìjọ rẹ̀ tí ó sú láti máa gbàdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi fún àwọn tó ń sùn níta, kí wọ́n sì tún gba iwájú wọn kọjá lọ́jọ́ Ajé. Díákónì Amos ni olórí wọn. "Àdúrà kì í fọ aṣọ," ni ó máa ń wí. "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà tán, ká gbé omi kaná." Wọ́n kó àwọn bẹ́ǹṣì tó ti fọ́ kúrò nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kùn ún, wọ́n tẹ́ ẹní méjì síbẹ̀. Ó ku ilẹ̀kùn. Wọ́n ránṣẹ́ sí jórinjórin kan ní Ìlọrà.

Jùwọ́nlọ wọn ẹnu ọ̀nà náà, ó béèrè ẹni tí yóò máa sùn níbẹ̀. Wọ́n sọ fún un.

"Ibo lẹ fẹ́ kí ìkọ́ rẹ̀ wà?"

"Ìta," ni Díákónì Amos dáhùn.

"Rárá, sà. Bí ẹ bá lè tì wọ́n mọ́lé láti ìta, ẹ ti fi wọ́n sẹ́wọ̀n nìyẹn. Inú ni kí ó wà. Ẹni tó ń sùn ni kó máa tì í, òun náà ni kó máa ṣí i."

Ìyìnolúwa, tó ń gbálẹ̀, dúró. Ọ̀rọ̀ náà ni ó kọ́kọ́ fẹ́ràn kí ó tó fẹ́ràn ẹni tó sọ ọ́.

Ọkùnrin méjì gba yàrá náà. Àlàkẹ́ kò gbà. Bí ó bá ti dé ẹnu ọ̀nà, ara rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, a sì padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan òun yàtọ̀ sí Ìyìnolúwa. Nítorí náà ìta gbangba ni Ìyìnolúwa ń tọ́jú rẹ̀, lójú gbogbo ayé.

Ọjọ́ kẹta tí Bàbá Àlàní padà sí Ìlọrà, Jùwọ́nlọ wá sí ṣọ́ọ̀bù Ìyìnolúwa. Kò jókòó.

"Wọ́n ti ti ibi ìwádìí dé," ni ó wí.

"Kí ni wọ́n rí?"

Jùwọ́nlọ mú kẹ̀kẹ́ òwú kan, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Jùwọ́n, gbé òwú mi sílẹ̀. Kí ni wọ́n rí?"

"Wọ́n ní Àlàkẹ́ ni ẹ̀gbọ́n màmá rẹ."

Ìyìnolúwa rẹ́rìn-ín. "Màmá mi nìkan ni ìyá wọn bí. Ká ní wọ́n bi mí léèrè ni, ǹ bá ti sọ fún wọn."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Màámi ní gbogbo ẹni tó bá ń pa irú rẹ̀ mọ́ ló ń sọ pé òun nìkan ni wọ́n bí."

Ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀.

"Wọ́n ní bí kì í bá ṣe ẹbí rẹ," ni Jùwọ́nlọ wí, "kí o fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Bàbá Àlàní á máa yọjú wá wò. Bí o bá lè fi í sílẹ̀, wọ́n á gbà pé ẹ̀jẹ̀ rẹ kọ́."

"Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ sọ?"

Jùwọ́nlọ gbé òwú náà sílẹ̀. "Mo fẹ́ fẹ́ ọ, Ìyìn. Ṣùgbọ́n Màámi nìkan ló tọ́ mi. N ò tíì já wọn ní koro rí láyé mi. Ẹ̀rù ń bà mí."

Òtítọ́ ni ó sọ, kò sì tù ú nínú.

Nílé, ìyá Ìyìnolúwa kò fẹ́ gbọ́ àlàyé kankan. "Oṣù mẹ́ta péré. Ṣé àwọn márùn-ún yòókù ò lọ́wọ́ ni?"

"Kì í gbà kí wọ́n fọwọ́ kan òun, mà."

"Á gbà bí ìdọ̀tí bá ń yún un. Ìyìn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ọ́. Ọlọ́run tó pè ọ́ sídìí ẹsẹ̀ wíwẹ̀ ló pè ọ́ sílé ọkọ pẹ̀lú."

Ìyìnolúwa bẹ̀rù, ó sì ṣe ohun tí ẹ̀rù wí. Ní ọjọ́ Ajé, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbàgbé, ó gba ọ̀nà àtijọ́, ó sì rí Àlàkẹ́ lókèèrè. Arúgbó náà ti na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń retí. Ìyìnolúwa yí padà kíá. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Díákónì Amos á gbé oúnjẹ lọ. Díákónì gbé oúnjẹ lọ lóòótọ́. Àlàkẹ́ kò jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ajé kejì, òjò rọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìsọ̀ náà ti ṣófo. Àwo rẹ̀ wà níbẹ̀, àpò tó ń sùn lé wà níbẹ̀. Àlàkẹ́ kò sí.

"Ọkọ̀ dúdú kan dúró níbí lánàá," ni obìnrin tó ń ta ọsàn wí. "N ò sọ pé ó gbé e o. Mo ní ó dúró ni."

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lágbègbè wa. Ẹni tí kò lẹ́ni tí yóò wá a ni àwọn aṣebi ń gbé. Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Àlàkẹ́ lẹ́ni tí yóò wá a.

Ìyìnolúwa pe Jùwọ́nlọ lórí fóònù. Kò lè sọ̀rọ̀ tán. Kò pé wákàtí kan tí Jùwọ́nlọ fi dé lórí ọ̀kadà rẹ̀, kò sì dárúkọ ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wá a. Wọ́n gba ọ̀nà Ìlọrà, wọ́n gba ọ̀nà Awẹ́, wọ́n ń bi àwọn ọlọ́kadà, wọ́n ń bi àwọn tó ń ti oko bọ̀. Níbikíbi tí wọ́n bá ti rí aṣọ dúdú bíi ti Àlàkẹ́ nínú igbó, Ìyìnolúwa á ní kí Jùwọ́nlọ dúró, á sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Ìgbà kan, òórùn ló pè wọ́n. Òkú ewúrẹ́ ni. Ìyìnolúwa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún, ó sì ń dúpẹ́ nítorí òkú ewúrẹ́.

"Èmi ni mo lé e lọ," ni ó wí.

"Àwa méjèèjì ni," ni Jùwọ́nlọ dáhùn. "Èmi ni mo jíṣẹ́ fún ọ. Dìde."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n rí i, lójú ọ̀nà Ìmínì, nínú ahéré kan tí àgbẹ̀ ti pa tì. Ó dùbúlẹ̀ lórí pòròpórò àgbàdo. Ibà mú un, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ó la ojú, ó wo Ìyìnolúwa.

"O pẹ́," ni ó wí.

"Mo pẹ́, mà. Ẹ má bínú. Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ilé. Ìmínì. Ọ̀dọ̀ Nathaniel."

Láti ọdún méjì tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, kò tíì dárúkọ ìlú tàbí ẹnikẹ́ni rí.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí ara rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, Díákónì Amos àti àwọn méjèèjì lọ sí Ìmínì. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ wá Nathaniel kí wọ́n tó rí i. Àgbẹ̀ àgbàdo ni, ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Ọmọbìnrin rẹ̀, Olúyẹ́misí, gbé omi wá fún wọn, ó sì kúnlẹ̀ kí wọn. Ìwé ìpè ìgbéyàwó wà lórí tábìlì, orúkọ Olúyẹ́misí sì wà lára rẹ̀.

Díákónì Amos fi fọ́tò Àlàkẹ́ hàn án lórí fóònù.

"Yẹ́misí, lọ sẹ́yìnkùlé," ni Nathaniel wí. Nígbà tí ọmọ náà lọ, ó ní, "Àbúrò mi nìyẹn. Ó ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ wá wo ibojì rẹ̀."

Ó mú wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Ibojì náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n kọ orúkọ àti ọjọ́ ikú sí i. Ìyìnolúwa kà á, ó tún un kà. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ mu ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì ní kò dùn.

"Bàbá," ni Díákónì Amos wí, "ta lẹ sin síbẹ̀?"

Nathaniel fi ẹsẹ̀ gbá ewé gbígbẹ kúrò lórí ibojì náà.

"Yanrìn," ni ó wí.

Ó wá sọ ìyókù láìgbé ojú sókè. Àwọn àna ọmọ rẹ̀ àgbà ń bọ̀ wá ṣe ìwádìí nígbà náà. Orí Àlàkẹ́ kò pé mọ́, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè fi í pamọ́. Wọ́n tì í mọ́ yàrá láti ìta fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó já fèrèsé, ó lọ. Wọ́n ní ó kú. Àwọn tó wá ṣe ìwádìí ní àwọn fẹ́ rí ibojì, wọ́n sì mọ ibojì.

"Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tì í. Ẹ má rò pé ẹlòmíràn ni." Lẹ́yìn náà, ọkùnrin tó ju bàbá wọn lọ lọ́jọ́ orí dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí Yẹ́misí lọ sílé ọkọ. Bí wọ́n bá gbọ́, ó tán fún un. Ẹ jọ̀wọ́."

"Ẹ dìde, sà," ni Díákónì Amos wí. "A ò wá ba ọmọ yín jẹ́. Ṣùgbọ́n àbúrò yín wà láàyè, ó sì ń béèrè yín. Ẹkún yín kò wúlò fún un. Ẹ máa wá. Ẹ máa ra oògùn rẹ̀. Ẹ máa bá a jẹun."

Nathaniel ṣèlérí pé òun yóò máa wá.

Díákónì Amos bá ọkọ̀ èrò padà; Jùwọ́nlọ gbé Ìyìnolúwa sórí ọ̀kadà, ó sì dá a dúró lábẹ́ igi kan lójú ọ̀nà.

"Ó ti parí," ni ó wí, inú rẹ̀ sì ń dùn. "Gbólóhùn kan péré ló kù. A ó sọ fún Màámi pé ará Ìmínì ni, pé a ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí Bàbá Àlàní lọ wo ibojì yanrìn fúnra rẹ̀."

Ìyìnolúwa sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà náà.

"Ìyìn?"

"Bí Bàbá Àlàní bá gbọ́, ó di ọ̀rọ̀ gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Afijió nìyẹn."

"Ṣé ìgbéyàwó ọmọ ẹlòmíràn wá ṣe pàtàkì ju tiwa lọ ni?"

"Rárá. Kò ṣe pàtàkì ju tiwa lọ. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Mo ti fi Àlàkẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n lè rí ọ fẹ́. O rí ibi tí a ti bá a. Bí mo bá tún fi Yẹ́misí ṣe é, irú ìyàwó wo lò ń gbé lọ sílé?"

"Bí Màámi bá kọ̀ ńkọ́?"

"N ò mọ̀."

Jùwọ́nlọ bínú. Ó gbé e padà sí Fìdítì. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi pè é. Ìyìnolúwa ń rán aṣọ, ó ń tú u, ó tún ń rán an. Kò dá a lójú pé òun ṣe ohun tó tọ́. Ó kàn mọ̀ pé òun kò lè ṣe èkejì.

Nathaniel wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gba ẹ̀yìn ilé ìwòsàn wọlé. Àlàkẹ́ wò ó fún ìgbà pípẹ́. "Ṣé o ti jẹun?" ni ó bi í.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Jùwọ́nlọ dé. "Màámi ní kí o wá," ni ó wí. "Màá dúró tì ọ́. Mo ti rò ó."

Ìyá Jùwọ́nlọ ní ẹ̀rọ ìlọ ẹ̀gẹ́ ní Ìlọrà. Wọ́n bá a lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ẹ̀rọ náà, ìyẹ̀fun funfun wà ní apá rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Bàbá Àlàní jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyìnolúwa kúnlẹ̀.

"Wọ́n ní o tún ti wà lọ́dọ̀ ìyá yẹn," ni ìyá Jùwọ́nlọ wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Òun ni mo ń tọ́jú ní ilé ìwòsàn."

"Ó dáa. Ta ló ni í?"

"Kì í ṣe ẹbí mi, mà. A ti rí àwọn tó ni í."

"Àwọn wo?"

"Ẹ má bínú, mà. N ò ní lè sọ."

Bàbá Àlàní rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ bí. A ti rí wọn, a ò ní sọ. Èmi náà ti rí ọba òyìnbó lánàá, n ò ní sọ ibi tó wà."

"Ẹnì kan wà tí orúkọ náà yóò bà jẹ́, mà," ni Ìyìnolúwa wí. "Kò ṣẹ̀ mí."

"Èmi náà mọ̀ wọ́n, Màámi," ni Jùwọ́nlọ wí. Òógùn bò ó lójú. "N ò ní sọ. Bí ẹ bá sì kọ̀ ọ́, ẹ má wá ẹlòmíràn fún mi."

Ìyá Jùwọ́nlọ wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

"Àlàní, lọ bá mi wo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń já lẹ́yìn."

"Ta ni yóò wá—"

"Lọ wò ó."

Ó lọ. Ìyá náà ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan gbọn ìyẹ̀fun kúrò ní apá kejì, ó ń gbọn ibi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Jùwọ́n, ìwọ ò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà tí Àbọ̀dé àbúrò mi lọ. A sọ fún yín pé Kùtọnú ló lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kò lọ Kùtọnú. Ó ń dá sọ̀rọ̀, ó ń bọ́ aṣọ lójú ọ̀nà. Mo fún un lówó ọkọ̀, mo ní kó máa lọ ibi tí wọn ò ti mọ̀ wá. Èmi. Mo ń ka lẹ́tà tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sí ìyá mi létí, títí wọ́n fi kú. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ọmọ yìí náà ń pa ẹni tirẹ̀ mọ́. Mo mọ bó ṣe ń rí." Ó yíjú sí Ìyìnolúwa. "Àbọ̀dé ga. Etí òsì rẹ̀ gé díẹ̀ lókè. Nínú àwọn tí ẹ̀ ń wẹ̀, ṣé o ti rí irú rẹ̀?"

Ìyìnolúwa fẹ́ sọ ohun tí yóò tù ú nínú. Kò sí irú rẹ̀ tó jẹ́ òtítọ́.

"N ò tíì rí i, mà. Ṣùgbọ́n a ó wá a. Bí a ṣe wá ti àkọ́kọ́ náà ni."

Ìyá náà mi orí. Kò sunkún. "Mo ti sọ ọ́ fún ọ báyìí. Bí o bá fẹ́, o lè fi ba ilé yìí jẹ́ lọ́la. Ẹ̀rù rẹ ń bà mí, ọmọ yìí."

"Ẹ̀rù yín náà ń bà mí, mà."

Ìyá Jùwọ́nlọ sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì náà. "Dìde ńlẹ̀ níbẹ̀ yẹn," ni ó wí. "Wá jókòó."